Bàtà tí Mo Rán fún Ghali

Bí ẹ bá béèrè ní òpópónà wa, wọ́n á sọ fún yín pé àtọ̀gbẹ ló mú ẹsẹ̀ Ghali lọ. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Èmi Sellam, tí mò ń rán bàtà ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ní ìpín tèmi nínú ẹsẹ̀ náà. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ìran bàtà rírán ni Ghali ti wá. Bàbá rẹ̀ rán an, bàbá bàbá rẹ̀ rán an, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà tí ènìyàn méjì kò lè jókòó sí kí orúnkún wọn má kanra. Màálẹ̀mù la máa ń pè é, bí a ṣe ń pe ọ̀gá tó bá ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé góńgó ní ìlú Fez. Bàtà tiwa, bẹ́lígà, kò ní ẹ̀yìn, kò ní okùn, kò ní ohun tí a fi ń so ó. Gìgísẹ̀ wà níta gbangba. Bí oníṣẹ́ ṣe gé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń mú un dúró lẹ́sẹ̀, bí ó bá gé e jù, bàtà ti di ohun tí à ń sáré tẹ̀ lé.

Nítorí náà ni àwa aránbàtà ṣe ní àṣà kan. Ẹni tó bá parí bàtà tuntun yóò wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òpópónà wa dé ibi omi ẹ̀rọ, yóò sì tún gòkè padà lójú gbogbo èèyàn. Bí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ tà á, òun ló sì máa se tíì fún gbogbo òpópónà. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, Ghali kò se tíì yìí rí. Tiwa ló ń mu. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á máa fa tíì tèmi sẹ́nu, á ní, "Sellam, bàtà rẹ mà tún ti lọ wá ọ̀gá mìíràn o." Ó ní ẹnu, ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ ìyá mi lọ, mo sì ti ń wá ọjọ́ tí màá san án fún un.

Ọjọ́ náà dé nínú oṣù Rajab, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, òkúta ilẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ghali àti alágbẹ̀dẹ idẹ kan tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ń gòkè bọ̀ láti mọ́sálásí, Ghali ń ròyìn ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ́. Ó ń lọ. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta, ó fi tẹ omi, ó fi tẹ ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò wo ilẹ̀, kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Gbogbo wa rí i láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, kò sì sí ẹni tó pè é. A fẹ́ mọ ibi tí yóò rìn dé. Èmi tilẹ̀ ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú, kí n lè rí ohun tí màá fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí tí a ó fi kú.

Nígbà tí ẹ̀rín fẹ́ pa mí ni mo tó lanu. Mo ní, "Màálẹ̀mù Ghali, bàtà rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ó dìgbà o."

Ó dúró. Ó ní láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbà pé lóòótọ́ ni kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tí kò ké sí. Lónìí, bí mo bá ti pa ojú dé, ojú tí ó fi wo ẹsẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ẹ̀rín ni mo rín, mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Ghali padà lọ mú bàtà rẹ̀, ó sì se tíì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife tèmi fún mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí Ghali wò, bàtà ló rí níbẹ̀. Ó ní ẹnu bàtà náà ló fẹ̀ jù. Ó gé òmíràn, ó bọ́. Ó gé ìkẹta, ó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Ó ní àwọn aláwọ ti ń ta awọ tí kò gbó fún òun, ó lọ bá wọn jà níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Ó ní òwú ni. Ó ní ojú òun ni, ó lọ ra awò. Kò sí ohun tí kò fura sí àfi ohun tó wà nínú bàtà.

Zhor, ìyàwó rẹ̀, kò gbà pé bàtà ló fà á. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló máa ń fi òwú sílíìkì ṣe ọnà sí bàtà àwọn ìyàwó tuntun fún ọkọ rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí Ghali lọ ra awọ. Ó ní bí Ghali bá ń ṣe àlùwàlá, tó bá kan ibi tí yóò bu omi sójú, tó sì pa ojú dé, ńṣe ló máa ń mì bí ẹni tí wọ́n tì. Ó ti ń fi ọwọ́ kan di ògiri mú báyìí. Ó ní kí n bá òun dá sí i, ẹsẹ̀ ọkọ òun kò lágbára mọ́.

Èmi náà gbà pé àìlágbára ni. Kí ni òmíràn tí ẹsẹ̀ lè ní? A mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń wọ́ ara fún èèyàn ní ilé ìwẹ̀ gbígbóná. Ọkùnrin náà ní kí Ghali fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti òun láyà, Ghali tì í, ọkùnrin náà fẹ̀yìn balẹ̀ sínú omi. A lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní ìgboro tuntun, òun náà ní kó rìn, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gun orí àga. Kò rí nǹkan kan, ó fún un ní oògùn amárale. Ghali wá fẹ́ fi han gbogbo ayé pé ara òun le. Ó gbé ẹrù awọ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń gbé, ó gbé e sí èjìká, ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ta ló ní ẹsẹ̀ mi kò lágbára? Zhor, ṣé o rí i?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ bàtà pátápátá nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó lè gbé ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí ni yóò ṣe tí kò ní lè mú bàtà dúró? Aránbàtà nìkan ló lè ro irú èrò yìí, torí àwa nìkan la gbà pé kò sí bàtà tó ń bọ́ lásán, àfi kí ọwọ́ ẹni tó gé e ti bàjẹ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Àwọn oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ọdún ìtúnu-ààwẹ̀ ń bọ̀, àsìkò tí gbogbo ọkùnrin ìlú ń ra bẹ́lígà funfun, wọ́n sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ghali wá sọ́dọ̀ mi. Ghali á jókòó, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, á máa wò wọ́n. Ó sọ fún mi pé bí ọwọ́ náà bá ti kú, kí òun náà kúkú kú.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá kan kì í wọ bàtà ọ̀gá mìíràn láàárín wa. Ó sàn kó rìn láìwọ bàtà. Ó ní, "Sellam, rán ọ̀kan fún mi. Kó fún. Mo fẹ́ kó fún débi pé kò ní rí ọ̀nà sá lọ."

Ṣé kí n sọ òtítọ́? Inú mi dùn. Ọkùnrin tó ti ń mu tíì mi fún ọdún mẹ́rìnlélógún wá bẹ̀ mí fún bàtà. Mo fi gbogbo ọgbọ́n tí mo ní rán an. Mo mú awọ ewúrẹ́ tó le jù, mo gé ẹnu rẹ̀ kékeré, mo fi òwú tí mo lọ́ pọ̀ lọ́nà méjì rán etí rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ fà á sí i lẹ́sẹ̀, ó gbà wá ní ìgbà mẹ́ta kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wọlé, nítorí ọ̀tún rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju òsì lọ. Mi ò rán bàtà tó fún tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo bi í pé, "Kò fún ọ jù?"

Ó ní, "Kò fún mi rárá. Àfi bí ẹni pé mi ò wọ nǹkan kan."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ọwọ́ mi ṣì ń ta mí níbi tí awọ ti fún un nígbà tí mo ń fà á. Ẹni tó bá ní ọpọlọ lórí ì bá bọ́ bàtà náà lójú ẹsẹ̀. Èmi rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń yìn.

Ó wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi omi ẹ̀rọ, ó wọ̀ ọ́ gòkè. Kò bọ́. Ó fò sókè ní àárín òpópónà, kò bọ́. Ó gbé òdìdì ṣúgà kan wá fún mi, irú èyí tí a fi ń kí ara wa níbi ayẹyẹ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú Ghali dùn. Ìdùnnú tó ní kẹ́yìn nìyẹn, èmi ni mo sì fún un.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Zhor rò pé awọ ni, ilé aránbàtà kì í ṣàì rùn. Ghali fúnra rẹ̀, bó bá ń ṣe àlùwàlá, ọwọ́ kan á wà lára ògiri, á kàn da omi sẹ́sẹ̀ láìwò ó. Ọjọ́ kejì ọdún ló gbé bàtà náà wò, tó rí i pé inú rẹ̀ tutù, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ni. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ti là débi tí nǹkan funfun ti ń yọjú. Ó pariwo. Ghali jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń jẹ kúkíìsì ọdún, ó bi í pé kí ló dé.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún márùnlélọ́gbọ̀n lọ. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Ó jókòó, ó bi í ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í láti Rajab.

"Bàbá, wọ́n ní bàtà máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín. Tó bá ń bọ́, ṣé ẹ máa ń mọ̀, tí ẹ ò kàn lè dá a dúró ni? Àbí ó máa ń bọ́ tí ẹ ò ní mọ̀?"

Ghali ní, "Dókítà, tí mo bá mọ̀, ṣé màá fi í sílẹ̀ sójú pópó ni?"

Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Ghali fi ẹsẹ̀ òsì ti ọwọ́ òun, Ghali fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í ṣubú. Ó ní kó gbé ọmọ ìka ńlá sókè, kó má jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, dókítà kò sì lè tẹ̀ ẹ́. Ghali ṣẹ́jú sí mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kó pa ojú dé. Ó di ìka kan náà mú, ó gbé e sókè, ó bi í pé òkè ni àbí ìsàlẹ̀. Ghali ní ìsàlẹ̀. Ó gbé e sísàlẹ̀, Ghali ní òkè. Ó ń méfò ni. Ó fi òwú kàn án lẹ́sẹ̀, Ghali kò sọ nǹkan kan. Ó mú abẹ́rẹ́. Mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ yọ lójú ibi tí ó gún, mo wo ojú Ghali, ó pa ojú dé bí ọmọ tó ń retí ẹ̀bùn.

Ghali ní, "Dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá yá yín. Mi ò bẹ̀rù."

Ọmọbìnrin náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní láàárín orí àti ẹsẹ̀, oníṣẹ́ méjì ló ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀kan ń gbé àṣẹ lọ sísàlẹ̀ pé kí ẹsẹ̀ rìn, kó dúró, kó tì. Èkejì ń gbé ìròyìn bọ̀ lókè pé ibí tutù, ibí gbóná, nǹkan ń jẹ mí, bàtà ti bọ́. Ó ní ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára Ghali, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ń wá àìlágbára kò fi rí nǹkan kan. Èkejì ni àtọ̀gbẹ ti pa, ó ṣeé ṣe kó ti tó ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ aláìlágbára máa ń mọ̀ pé bàtà ń lọ. Ti Ghali lágbára, kò sì mọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ló fi ń rìn, ìdí nìyẹn tó fi ń mì bó bá pa á dé.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún lọ́jọ́ kẹta.

Kí wọ́n tó gé e, dókítà gbé bàtà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti Zhor ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ etí rẹ̀, kò tẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tó bá mọ nǹkan kò ní gba bàtà yìí fún wákàtí kan, yóò kígbe. Ó bi wá pé ta ló rán an.

Mo ní, "Ọjà la ti rà á."

Zhor wo ojú mi.

Nígbà tí Ghali padà sílé, mo ń lọ kí i lójoojúmọ́. Ó ti rù. Ó ní ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ń dùn òun, pé ọmọ ìka kékeré gan-an ló ń dùn òun jù. Ó ní ṣé ẹ rí nǹkan, ìgbà tó wà kò sọ nǹkan kan, ìgbà tí kò sí mọ́ ló wá ń sunkún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Zhor gbé tíì aláìní-ṣúgà wá, Ghali sì mú ọwọ́ mi.

Ó ní, "Sellam, gbogbo èyí tí mo rán fún ara mi ló já mi kulẹ̀. Tìrẹ nìkan ni kò sá fún mi. Rán ẹyọ kan fún mi, ti òsì. Kó fún bíi ti ìṣáájú."

Zhor gbé àwo tíì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un, Màálẹ̀mù Sellam. Àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ohun tí dókítà wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ irọ́ tí mo pa, mo sọ pé bí ẹsẹ̀ òsì ṣe kéré díẹ̀ ni kò jẹ́ kó tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Mo sọkún. Ghali kò gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó jọ pé ó máa dárí jì mí, àbí èmi ni mo fẹ́ kó jọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ní, "Ọjọ́ òjò yẹn. Kí o tó pè mí, ìgbésẹ̀ mélòó ni mo ti rìn?"

"Mọ́kànlá."

"O kà á."

"Mo kà á."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti di oṣù mẹ́jọ. Àbámọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n fara dà á. Mo ń fara dà á. Kò kúrò.

Dókítà ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ òsì wò láràárọ̀, abẹ́ rẹ̀ àti àárín ìka kọ̀ọ̀kan, nítorí òun náà kò mọ nǹkan kan. Ghali kò lè tẹ̀ ba débẹ̀. Ọnà tí Zhor ti ń ṣe láti kékeré ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, kò lè rí egbò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òun ló ránṣẹ́ pè mí. Mo máa ń débẹ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ghali á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi, á sì kọjú sí ògiri. Màá fi ìgbọ̀nwọ́ mi wo omi bóyá kò gbóná jù, màá fọ ẹsẹ̀ náà, màá nù ún, màá wò ó síwá sẹ́yìn. Nígbà míì tí mo bá ti wò ó tán, n kì í tíì gbé e sílẹ̀. Màá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí a ṣe ń bẹ àgbà tí a ṣẹ̀.

Ghali kò mọ ìgbà tí mo dì í mú, kò sì mọ ìgbà tí mo bá fi í sílẹ̀. Zhor ló máa ń sọ fún un pé mo ti lọ.